Ta Ló Ni Kọ́kọ́rọ́ Inú Ẹni? Ìtàn Ẹ̀rọ Tó Ń Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Tí A Kò Sọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ wa láti kékeré pé kí a máa ro ọ̀rọ̀ kí a tó sọ ọ́. Inú ara ẹni ni a ti ń rò ó. Níbẹ̀ ni ènìyàn ti lè bínú, kí ó bú ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, kí ó sì tún dárí jì í, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́. Òwe náà gbà pé ẹnu nìkan ni ẹyin yìí lè gbà já bọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kéde pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi sínú ọpọlọ àwọn aláìsàn mẹ́rin ti gbọ́ lára ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn náà ń sọ nínú ara wọn láìla ẹnu.

Nígbà tí olùkọ́ wa sọ ìròyìn yìí fún wa ní kíláàsì, ẹni tí mo kọ́kọ́ rántí ni bàbá bàbá mi. Ọdún méjì ni bàbá fi jókòó sórí àga lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Ohùn wọn lọ, apá ọ̀tún wọn kò sì ṣiṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ojú wọn ń tẹ̀lé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀, bí a bá sì sọ ohun tó pani lẹ́rìn-ín, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá mí kanlẹ̀, a ó gbé omi fún wọn. Bí wọ́n bá gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, a ó ní oorun ń kùn wọ́n. A kàn ń fi ojú inú wò ó ni. Ní ọjọ́ kan, àwọn ẹbí ń wá ìwé ilẹ̀ kan, wọ́n sì gbé àpótí bàbá jáde, wọ́n tú u sílẹ̀ lójú wọn. Lẹ́tà àtijọ́ wà níbẹ̀, àwòrán wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí rí. Bàbá gbé ọwọ́ òsì sókè, wọ́n ń mi orí. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí a dúró, tàbí pé ìwé náà kò sí níbẹ̀. Omi bọ́ lójú wọn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fẹ́ ohun méjì tó dà bí ẹni pé wọn kò bá ara wọn rìn. Mo fẹ́ kí ẹ̀rọ kan wà tó lè jẹ́ kí irú bàbá mi sọ tinú wọn. Mo sì fẹ́ kí ibì kan wà lára ènìyàn tí ẹlòmíràn kò ní lè tú wò láìgba àṣẹ. Nínú àròkọ yìí, n ó sọ bí ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ inú ọpọlọ ṣe bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó dé dúró. N ó sì fi hàn pé ìtàn náà ní ẹ̀kọ́ kan fún wa: ẹ̀rọ a máa yára, òfin a máa pẹ́, àwọn tí kò lágbára ló sì máa ń jìyà láàárín àwọn méjèèjì.

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ láti orí iná mànàmáná. Ní 1875, Richard Caton, dókítà kan ní ìlú Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun rí ìṣàn iná kékeré nínú ọpọlọ ehoro àti ọ̀bọ. Àwọn tó gbọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ẹni tó wá rí irú iná bẹ́ẹ̀ nínú ọpọlọ ènìyàn ni Hans Berger, dókítà ará Jámánì. Ohun tó sún un dé ibẹ̀ yani lẹ́nu. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, tí ó ń ṣe iṣẹ́ ológun, ẹṣin gbé e ṣubú síwájú kẹ̀kẹ́ ìbọn ńlá tí àwọn ẹṣin ń fà. Díẹ̀ ló kù kí kẹ̀kẹ́ náà gùn ún pa. Lọ́jọ́ kan náà ni bàbá rẹ̀ tẹ wáyà sí i láti ilé láti béèrè àlàáfíà rẹ̀. Arábìnrin rẹ̀ tó wà lọ́nà jíjìn ló ní ọkàn òun kò balẹ̀ nítorí rẹ̀, òun ló sì ní kí bàbá wọn tẹ wáyà náà. Berger gbà pé èrò òun ló rìn lọ bá arábìnrin òun. Ó wá fi ọ̀pọ̀ ọdún wá agbára tó gbé èrò náà lọ.

Ní 1924, ní ìlú Jena, Berger gba àkọsílẹ̀ iná ọpọlọ ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan. Ó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1929. Kò rí èrò tó ń rìn láti ìlú dé ìlú. Ohun tó rí ni ìgbì kékeré tó ń lọ sókè sódò ní nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan nígbà tí ènìyàn bá di ojú tí ó sì sinmi. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà á gbọ́ títí di 1934, nígbà tí Edgar Adrian ti Yunifásítì Cambridge dán an wò tí ó sì rí i pé òótọ́ ni. Lónìí, irú àkọsílẹ̀ yìí ni àwọn dókítà fi ń yẹ àwọn tó ní wárápá wò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a má gbàgbé pé kì í ṣe wárápá ni ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ń wá. Èrò ọkàn ni ó ń wá. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé àná ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ènìyàn, kò tíì gbọ́ ìtàn yìí dé ìdí.

Ọdún kan kí Berger tó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde, ẹjọ́ kan wáyé ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Roy Olmstead ń ta ọtí nígbà tí òfin ka ọtí léèwọ̀ ní ilẹ̀ náà. Àwọn agbófinró so wáyà mọ́ okùn tẹlifóònù rẹ̀ láti ìta, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ oṣù gbọ́ ohun tó ń sọ. Olmstead ní wọ́n ti tẹ ẹ̀tọ́ òun lójú. Ní 1928, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án dá a lẹ́bi. Wọ́n ní àwọn agbófinró kò wọ ilé rẹ̀, wọn kò sì mú ohunkóhun níbẹ̀, nítorí náà wọn kò rú òfin orílẹ̀-èdè. Adájọ́ Louis Brandeis kò fara mọ́ ọn. Ó kìlọ̀ pé sáyẹ́ǹsì kò ní dúró sórí tẹlifóònù, pé ọjọ́ kan lè dé tí wọn yóò rí ọ̀nà láti wádìí èrò àti ìgbàgbọ́ tí ènìyàn kò tíì sọ jáde. Nígbà náà, àkọsílẹ̀ Berger ṣì wà nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ní Jena.

Ó di 1967 kí ilé ẹjọ́ náà tó yí ìdájọ́ náà padà, nínú ẹjọ́ Charles Katz, ẹni tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó ń lo tẹlifóònù ìta gbangba. Ilé ẹjọ́ wá ní ènìyàn ni òfin ń dáàbò bò, kì í ṣe ilé tàbí ibi tí ó wà. Láti 1928 sí 1967, ọdún 39 ni. Láàárín ọdún 39 yìí, ẹ̀rọ ti wà, àwọn tó mọ̀ ọ́n lò ti wà, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò rí ẹni dáàbò bò ó bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu jáde ni a ń sọ yìí o. Ọ̀rọ̀ tí kò tíì dé ẹnu ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ọpọlọ. Ní 1973, Jacques Vidal ti Yunifásítì California ní Los Angeles béèrè nínú ìwé kan bóyá iná ọpọlọ lè máa pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà tààrà. Ní 2004, wọ́n fi ẹ̀rọ kan sínú ọpọlọ Matt Nagle, ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n fi ọ̀bẹ gún, tí kò lè gbé apá àti ẹsẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ náà kéré: mìlímítà mẹ́rin ní ìbú, mẹ́rin ní òró, tí abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ bí ọgọ́rùn-ún sì wà lára rẹ̀. Nípasẹ̀ rẹ̀, Nagle ṣí í-meèlì lórí kọ̀ǹpútà, ó sì yí tẹlifíṣàn láìfọwọ́ kàn wọ́n.

Láti orí ọwọ́, wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ sísọ. Ní 2021, ikọ̀ dókítà Edward Chang ní San Francisco ran ọkùnrin kan lọ́wọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn rẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún 15. Ọ̀rọ̀ 50 péré ni ẹ̀rọ náà mọ̀. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin náà bóyá ó fẹ́ omi, ìdáhùn rẹ̀ sì jáde lójú kọ̀ǹpútà pé rárá, òùngbẹ kò gbẹ òun. Nígbà tí mo ka èyí, mo dá ìwé náà dúró. Mélòó mélòó nínú gbogbo omi tí a gbé fún bàbá ni wọ́n fẹ́? Ní 2023, ikọ̀ kan náà jẹ́ kí obìnrin kan tó ń jẹ́ Ann sọ nǹkan bí ọ̀rọ̀ 78 ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n ṣe ohùn kọ̀ǹpútà náà kí ó jọ ohùn tirẹ̀, láti inú fídíò ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn ti Stanford jẹ́ kí obìnrin mìíràn sọ ọ̀rọ̀ 62 ní ìṣẹ́jú kan, láti inú àkójọ ọ̀rọ̀ 125,000.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ọpọlọ a máa ránṣẹ́ sí ètè, ahọ́n àti ọ̀fun. Lára àwọn aláìsàn wọ̀nyí, iṣẹ́ náà ń jáde láti ọpọlọ ṣùgbọ́n kò dé ibi tí ó ń lọ. Àwọn abẹ́rẹ́ náà a gbọ́ ọ lọ́nà, kọ̀ǹpútà a sì kọ́ bí àmì kọ̀ọ̀kan ṣe bá ìró kọ̀ọ̀kan mu. Ó jọ ẹni tó ń gbọ́ dùndún. Ìlù kò ní ahọ́n, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ń gbé jáde, ṣùgbọ́n ẹni tí etí rẹ̀ ti mọ́ ọn á mọ ohun tí ó ń wí. Ọgbọ́n àtọwọ́dá ni etí tí wọ́n fún kọ̀ǹpútà yìí, ọ̀pọ̀ wákàtí ni aláìsàn sì fi ń kọ́ ọ.

Títí dé ibí yìí, ìlẹ̀kùn náà ní ìdè. Aláìsàn gbọ́dọ̀ gbìyànjú láti la ẹnu kí ẹ̀rọ tó gbọ́. Bí kò bá gbìyànjú, ẹ̀rọ dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbìyànjú yìí máa ń rẹ àwọn aláìsàn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ti Stanford fi béèrè bóyá aláìsàn kàn lè sọ ọ̀rọ̀ náà sínú. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2025 ni pé ó ṣeé ṣe. Ọ̀rọ̀ tí a gbìyànjú láti sọ àti ọ̀rọ̀ tí a sọ sínú jọ ara wọn nínú ọpọlọ, àfi pé ti inú kò lágbára tó èkejì. Nígbà tí ó dára jù lọ, ẹ̀rọ náà gba ìdá 74 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí aláìsàn sọ sínú.

Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyí. Wọ́n ní kí àwọn aláìsàn ka iye àwọn àwòrán kan lójú kọ̀ǹpútà. Wọn kò ní kí wọ́n sọ ohunkóhun. Síbẹ̀, ẹ̀rọ náà rí àmì àwọn nọ́ńbà tí wọ́n ń kà sínú. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rán ẹyin láti ṣe, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ jáde.

Mo fẹ́ yin àwọn onímọ̀ náà ní ibi kan. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́, wọ́n sì wá ìdè tuntun. Àkọ́kọ́, wọ́n kọ́ ẹ̀rọ náà láti dá ọ̀rọ̀ inú mọ̀ kí ó sì fò ó. Èkejì, wọ́n fún un ní páswọ́ọ̀dù. Bí aláìsàn kò bá kọ́kọ́ ro gbólóhùn “chitty chitty bang bang” sínú, ẹ̀rọ kò ní túmọ̀ ohunkóhun. Ó sì dá páswọ́ọ̀dù náà mọ̀ ju ìgbà 98 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ó tún yẹ kí n sọ òótọ́ pé ẹ̀rọ yìí kò lè ka gbogbo èrò ènìyàn. A gbọ́dọ̀ la agbárí kí a tó fi sí i, aláìsàn gbọ́dọ̀ gbà, ó sì gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ kọ́ ọ. Kódà, nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Austin ní ìpínlẹ̀ Texas lo ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán ọpọlọ láìla orí ní 2023, wákàtí 16 ni ẹni kọ̀ọ̀kan fi gbọ́ ìtàn kí ẹ̀rọ tó mọ ọpọlọ rẹ̀. Bí ẹni náà bá sì ń dárúkọ ẹranko sínú, tàbí tí ó ń sọ ìtàn mìíràn sínú, ẹ̀rọ kò rí nǹkan gidi mú.

Kí wá ni ìbẹ̀rù? Ìbẹ̀rù ni pé ìdè tí ènìyàn ṣe, ènìyàn lè tú u. Àwọn olóore ló ń di kọ́kọ́rọ́ náà mú lónìí, ṣùgbọ́n ìtàn fi hàn pé ẹ̀rọ kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni kan. Ní Íńdíà, àwọn ọlọ́pàá ti ń lo ẹ̀rọ tó ń wo iná ọpọlọ fún àwọn tí wọ́n fura sí, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ fi sọ ní 2010, nínú ẹjọ́ Selvi, pé kò bófin mu láti fi ipá ṣe é fún ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀, 2010 ni ìyẹn, nígbà tí èsì àwọn ti Stanford kò tíì jáde.

Orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ gbọ́n ṣáájú ni Chile. Ní 2021, wọ́n fi ààbò ọpọlọ àti ohun tí a bá rí kọ láti inú rẹ̀ sínú ìwé òfin wọn. Ní 2023, Guido Girardi, tó ti jẹ́ sẹ́nétọ̀ níbẹ̀, pe ilé-iṣẹ́ Emotiv lẹ́jọ́ lórí ẹ̀rọ kan tí ènìyàn ń dé sórí, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì pàṣẹ pé kí wọ́n pa àkọsílẹ̀ iná ọpọlọ rẹ̀ rẹ́. Ní 2024, ìpínlẹ̀ Colorado àti California ní Amẹ́ríkà ṣe òfin tiwọn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àjọ UNESCO fọwọ́ sí ìlànà kan fún gbogbo àgbáyé lórí irú ẹ̀rọ wọ̀nyí.

Nílé wa ńkọ́? Abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí tẹlifóònù. Abala 38 fún un ní òmìnira èrò. Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 tún ka ọ̀rọ̀ ìlera àti àmì ara bí ìtẹ̀ka mọ́ ohun tó nílò àbò pàtàkì. Àwọn òfin wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n wọn kò dárúkọ iná ọpọlọ. Àwọn kan lè sọ pé ẹ̀rọ náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, pé kí a kọ́kọ́ wá iná tí yóò máa tàn nílé ìwòsàn. Òótọ́ wà nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, a ń tẹ̀ka, kò sì sí ọ̀kan nínú wa tó béèrè ibi tí ìtẹ̀ka náà ń lọ. Ẹni tí kò bá kọ́ bí a ti ń béèrè nípa ìka, yóò ha béèrè nípa ọpọlọ bí?

Àwọn mìíràn lè ní òfin á dí iṣẹ́ àwọn dókítà lọ́wọ́. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé ìlẹ̀kùn òun ní kọ́kọ́rọ́ ni kì í bẹ̀rù láti gba àlejò. Aláìsàn tó bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ inú òun kò ní di ti ọlọ́jà, ti ọ̀gá ibi iṣẹ́ tàbí ti ìjọba, á gbà kí wọ́n ràn án lọ́wọ́. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo rò pé ó yẹ. Èkíní, kí òfin wa dárúkọ iná ọpọlọ ní tààrà. Èkejì, kí ẹ̀rọ kankan má ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ inú àfi tí oní-inú bá ṣí i, kí ó sì lè tì í nígbàkúùgbà. Ẹ̀kẹta, kí ilé ẹjọ́ má ṣe gba ọ̀rọ̀ tí a kò sọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, nítorí ènìyàn lè ro ohun búburú kí ó sì pinnu pé òun kò ní ṣe é. Ìpinnu yẹn ni ìwà rẹ̀.

Bàbá ti lọ báyìí. A kò rí ìwé ilẹ̀ náà nínú àpótí wọn. Lẹ́yìn ìsìnkú, màmá àgbà kó àwọn lẹ́tà náà padà sínú rẹ̀, wọ́n tì í, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ sí etí ìró wọn. Nígbà tí mo béèrè ohun tó wà nínú àwọn lẹ́tà náà, wọ́n wò mí, wọ́n ní gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Ì bá wù mí kí ẹ̀rọ ti wà tí bàbá lè fi sọ fún wa ní ọjọ́ náà pé kí a dúró. Ì bá sì wù mí pé, lẹ́yìn tí wọ́n bá sọ ìyẹn tán, kí ẹ̀rọ náà dákẹ́.